Nọ́ọ̀tì Tí Mo Pààrọ̀ Lẹ́yìn Ìyàwó Ọmọ Mi

Ìkà ni mí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó máa fojú ìyá arúgbó wò mí, kí ẹ má bàá máa sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Ẹ má kí mi pẹ̀lẹ́ kankan. Bí ẹ bá dé Ìgbó-Ọrà lónìí tí ẹ béèrè ìyá Ràsákì tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà mi, àgbà á sì máa ròyìn oore mi fún yín. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi, Àwáwù, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló sùn sórí ẹní níbí yìí lọ́sàn-án gangan. Ó sunkún ìyá rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ wà ní Igangan nílé bàbá tó bí i, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ní ìka kankan mọ́ àfi àtàǹpàkò. Èmi ni mo ṣe é. Mi ò yọ ọ̀bẹ sí i, mi ò fi àdá ṣá a. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni mo pààrọ̀, mo wá jókòó, mo ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Èrúwà ni mí. Bàbá mi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe káàkiri Ìbàràpá nígbà ayé wọn. Nígbà tó jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo àwa tí wọ́n bí, èmi ni wọ́n máa ń gbé àpótí irin iṣẹ́ rù. Mi ò tíì mọ ata lọ̀ tí mo ti mọ sípánà dì mú. Ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ kọ́ mi ni ọ̀rọ̀ bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Bóòtì ni irin gbọọrọ tó ní ojú yíyí lára, nọ́ọ̀tì ni irin olójú ihò tó ń yí wọ̀ ọ́. Gbogbo ayé rò pé ẹni tó bá ti lágbára ló mọ̀ ọ́n dè. Bàbá mi á ní, "Irọ́ ni wọ́n ń pa." Wọ́n ní bí a bá fún nọ́ọ̀tì dé ibi tó yẹ, bóòtì á nà díẹ̀, ojú ò ní rí i, á wá máa fẹ́ súnkì padà, fífẹ́ tó ń fẹ́ súnkì yẹn gan-an ló ń fa irin méjì mọ́ra. Bí o kò bá fún un tó, kò ní nà, kò sì ní fa nǹkan kan. Bí o bá fún un jù, ó ti nà kọjá agbára ẹ̀, ọjọ́ tó bá wù ú ni yóò já. Mo ti rí ọkùnrin tó taagun bí akọ màlúù tó ń fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ sípánà, tó ń ba irin oní-irin jẹ́, tó sì rò pé òun ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró jẹ́jẹ́. Á máa gbọ̀n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gbígbọ̀n yẹn á sì máa yí nọ́ọ̀tì padà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀tì onírọ́bà. Òrùka rọ́bà líle kan wà lẹ́nu rẹ̀ nínú, òun ló ń gbá bóòtì mọ́ra tí kì í jẹ́ kó tú. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà kì í ṣe ohun àlòtúnlò. Bí o bá tú u, tí o dè é, tí o tún tú u, ó ti kú nìyẹn. Lójú lásán, ìyàtọ̀ ò sí láàárín òun àti tuntun, bí wọ́n ṣe ń dán lóde ni wọ́n ń dán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. "Bí o bá lè fọwọ́ lásán yí i wọlé dópin láìlo sípánà," bàbá mi á ní, "jù ú nù. Òkú ni. Má ṣe gbé òkú sẹ́nu iṣẹ́ alààyè."

Wọ́n tún kọ́ mi pé lẹ́yìn tí mo bá ti dè é tán, kí n fi ọ̀dà fa ilà kan láti orí bóòtì gba orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tí wọ́n dè mọ́. Bí ilà náà bá gún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀tì ò mira. Bó bá ti yà báyìí, ó ti ń yí nìyẹn, pa ẹ̀rọ kí o tún un fún. Èmi ò ní sùúrù ọ̀dà, kútẹ́ẹ̀sì pupa tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná ni mo máa ń lò. Àwọn oníbàárà á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ìyá Ràsákì ń ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ kí ilà yẹn yé yín dáadáa, torí òun lẹ̀ṣẹ̀ mi wà lára rẹ̀ jù.

Ọkọ mi kú nígbà tí Ràsákì ṣì ń rá kòrò. Òun nìkan ni mo bí. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tí mo gbé kalẹ̀ níwájú ilé wa lẹ́bàá ọ̀nà Ìdèrè ni mo fi tọ́ ọ. Kò sí mọkáníìkì kan tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi rí, èmi ni mo ń tú u, èmi ni mo ń dè é, orúkọ mi sì kàn dé Igangan pé obìnrin kan wà tó ju ọkùnrin lọ. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Nígbà tí Ràsákì dàgbà, kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, gàrí ló ń rà tó ń kó lọ sí Ìbàdàn, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lọ́hùn-ún kó tó padà wálé. Ọ̀nà gàrí yẹn ló ti pàdé Káfáyà ní Igangan, tó fi mú un wá sílé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó.

Ẹ ó bi mí pé kí ni Káfáyà ṣe mí. Kò ṣe mí ní nǹkan kan! Ohun tó tún ń bí mi nínú nìyẹn. Bó bá bú mi ni, màá mọ bí mo ṣe fẹ́ bú u padà. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń fi omi gbígbóná tẹ orúnkún tó ń dùn mí, "Màmá" ò jábọ́ lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí n lè lóṣòó mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́, kì í ṣe pé ó wù mí, kò sẹ́lòmíràn ni. Kò pé oṣù mélòó kan tó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Ọ̀pá irin kan ló wà láàárín ẹ̀rọ náà tó ń yí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu, òun ló ń rin ẹ̀gẹ́. Orí ọ̀pá náà méjèèjì wọnú bíárì, irin roboto tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, bóòtì mẹ́rin ló sì de bíárì méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Láràárọ̀, kí ó tó tanná sí ẹ́ńjìnì, Káfáyà á bẹ̀rẹ̀, á wo ilà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá kígbe sí mi níbi tí mo jókòó sí pé, "Màmá, gbogbo wọn gún o!" Tayọ̀tayọ̀ ni. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ tí ìyàwó bá rin kì í ní kókó. Mo ń gbọ́ o. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀tì yẹn fẹ́ pààrọ̀. Mo ní kó kúrò, pé èmi fúnra mi ni máa ṣe é, kí wọ́n lè rí i pé ẹ̀mí ṣì wà lára mi. Mo nawọ́ sínú agolo irin àlòkù, mo mú nọ́ọ̀tì kan, mo ń fi ìka yí i wọ ara bóòtì. Oníbàárà bíi mẹ́jọ dúró ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn. Káfáyà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Rọ́bà èyí ti kú. Ọwọ́ lásán lẹ fi yí i dópin yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ní ká máa jù ú nù." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń rọ ọmọdé lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n Ìyá Mojí wà níbẹ̀, oníbàárà kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Hẹ̀ẹ́n! Ìyá Ràsákì, ìyàwó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín o! Ẹ lọ máa gbọ́mọ pọ̀n nílé jàre!" Ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ju nọ́ọ̀tì náà padà sínú agolo, mo mú tuntun, mo dè é, mo fa ilà, mo dìde. Ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu mi ju ewúro lọ.

Ṣé irọ́ ló pa? Òótọ́ ni. Ojú mi ti ń bàìbàì, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọ tí mo kọ́ ló rí àṣìṣe mi, ó sì rí i lójú ọjà. Ẹni tó bá ní làákàyè á dúpẹ́, á ní mo ti kọ́ ẹni tó lè rọ́pò mi. Èmi ò dúpẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbọ́ "ẹ lọ máa gbọ́mọ pọ̀n" létí mi, bí mo bá ń jẹun, bí mo bá ń kírun, mo ń gbọ́ ọ. Mo wá ń rò ó pé kí ni mo lè ṣe tí ẹ̀rọ yẹn yóò fi dójú ti Káfáyà níṣojú àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó gbọ̀n, kó máa pariwo kàtàkàtà, kí ó má mọ ohun tó kàn láti ṣe. Mo fẹ́ kí Ìyá Mojí fẹnu ara rẹ̀ ké pé, "Ẹ lọ pe Màmá wá o!"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ṣe é. Gbogbo ilé ti lọ kírun, Káfáyà pọn Àwáwù, ó gbé ẹní ìkírun wa méjèèjì dání, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ń bọ̀?" Mo ní orúnkún ń dùn mí, kó máa lọ, kó bá mi ṣàdúà. Ó ní òun á ṣe é. Bí ó ṣe kọjá ní kọ̀rọ̀ ni mo dìde. Mo wá nọ́ọ̀tì òkú yẹn nínú agolo, mo mọ̀ ọ́n. Mo tú nọ́ọ̀tì tuntun kúrò lára bíárì tó wà níhà ibi tí wọ́n ń dúró rin ẹ̀gẹ́, mo fi òkú sípò rẹ̀, mo sì fún un níwọ̀nba, bí ẹni tí ò fẹ́ kó dúró pẹ́.

Ẹ gbọ́ o. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò bá burú tó bó ṣe burú yìí. Ilà ti yà nígbà tí mo tú u, Káfáyà á rí i láàárọ̀, á pè mí, ọ̀rọ̀ á tán. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọ yàrá lọ mú kútẹ́ẹ̀sì. Mo fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ilà àtijọ́ kúrò, mo fa tuntun, ó gún rébété. Ọwọ́ mi tó ti ń gbọ̀n láti ọdún yìí wá, kò gbọ̀n lọ́jọ́ náà. Tí ẹnìkan bá ní ìbínú ló mú mi pààrọ̀ nọ́ọ̀tì, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló wá mú mi fa ilà? Ìbínú kì í fa ilà gígún.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ máa ń pọ̀, torí ọ̀túnla rẹ̀ lọjà. Agbọ̀n ti tò lọ títí dé etí ọ̀nà. Káfáyà bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀rọ, ó wò ó, ó sì wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ké pé, "Màmá, gbogbo wọn gún o!" Ó tanná sí i. Mo jókòó sábẹ́ ìbòòji, mo ń bó ẹ̀gẹ́, mo kẹ́yìn sí wọn, etí mi sì wà lára ẹ̀rọ. Ẹni tí bàbá mi bá kọ́, etí ló fi ń mọ ẹ̀rọ. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí ìró rẹ̀ tó yí. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń payín keke, ó wá ń kàn kò-kò-kò. Mo mọ̀ pé ó ti tú. Mo mọ ibi tó dé gan-an. Mo lè dìde. Mo lè pariwo pé, "Ìyàwó, pa á!" Mo dúró. Mo fẹ́ kó pariwo sí i, kí gbogbo ayé gbọ́. Àkókò tí mo fi dúró yẹn, ènìyàn lè ka Fátíhà kan parí níbẹ̀. Mi ò ka Fátíhà. Mo ń gbé ẹ̀gẹ́ lé ọwọ́, mo ń bó o lọ.

Ṣé mo mọ̀ pé ó lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá? Ẹ má bi mí bí ọmọdé. Mo mọ̀.

Káfáyà náà gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ òsì sí ẹ́ńjìnì kó lè pa á, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí mú kí ẹnu náà má baà ṣubú. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀tì fò, bíárì yí kúrò nípò rẹ̀, ọ̀pá ta sókè, ẹnu ẹ̀rọ tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ̀ wọlé sórí páànù. Mi ò ní sọ bí igbe yẹn ṣe rí fún yín. Ó ń bẹ létí mi, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, èmi tí orúnkún ń dùn. Mo pa ẹ́ńjìnì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sórí ẹ̀gẹ́ rírin funfun báláú, ó ń sọ ọ́ di pupa. Nígbà náà ni ojú mi bá nọ́ọ̀tì yẹn nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mú nọ́ọ̀tì, mo wé e sétí ìró mi, mo so ó ní kókó, kí n tó kọjú sí ọmọ ọlọ́mọ tó ń jàpòrọ́ níwájú mi. Lẹ́yìn náà ni mo ya gèlè mi, mo so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, mo ń ké, "Yéè! Ẹ gbà mí o, ẹ gba ìyàwó mi!" Ìyá Mojí ló bá mi gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Láti ọjọ́ náà ni òun kan náà ti ń sọ ọ́ kiri pé, "Ìyá Ràsákì ló gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Arúgbó ọ̀hún sáré bí ọmọge!" Nọ́ọ̀tì yẹn, mo jù ú sí ṣáláńgá kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ju kí àwọn gé ìyókù lọ. Nígbà tí Káfáyà jí, èmi ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bi mí léèrè. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú pé mo ba ẹ̀rọ yín jẹ́." Mo ní kó dákẹ́. Ó ní, "Mo rí i pé ẹ ti bá mi fa ilà tuntun. Kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní orúnkún ń dun Màmá, síbẹ̀ wọ́n lóṣòó, wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Inú mi dùn, Màmá. Mo ní wọ́n ti wá fẹ́ràn mi."

  Mo fi etí ìró nu ojú rẹ̀. 

Ràsákì dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ pàkà. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Káfáyà ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mi ò fara balẹ̀ wò ó dáadáa láàárọ̀." Ràsákì wá kọjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni?" Ọ̀nà là sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, ó fẹ̀ bí ọ̀nà márosẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ohun tójú rẹ̀ ń rí nìyẹn. Kú àforítì, ọmọ mi." Káfáyà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ẹnu mi ti ọmọbìnrin náà ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ mọ bí ilé ṣe ń tú. Kì í pariwo. Káfáyà ò lè wẹ Àwáwù mọ́, kò lè ro ọkà, kò lè fún aṣọ. Bí ó bá gbé nǹkan, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ràsákì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn ẹbí ọkọ mi ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin tó bá fi àìfarabalẹ̀ gé ọwọ́ ara rẹ̀ lè fi àìfarabalẹ̀ pa ọmọ. Wọ́n sọ ọ́ níṣojú mi. Mo ń bó ẹ̀gẹ́ mi lọ. Nígbà tó ṣe, Ràsákì ní kó lọ sinmi nílé bàbá rẹ̀ ní Igangan díẹ̀, kí Àwáwù dúró tì mí. Káfáyà mọ ohun tí "díẹ̀" túmọ̀ sí. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Màmá, ẹ máa bá mi tọ́jú ọmọ mi. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ yín, kò ní jìyà." Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo gbọ́ pé Ràsákì ti rí ìyàwó mìíràn ní Ìbàdàn. Ìdána di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹkún Àwáwù ló fọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn, ẹ má fi oyè tí mi ò ní dá mi lọ́lá. Ọmọ náà jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Màmá Àgbà, ta ló gé ọwọ́ ìyá mi?"  Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo pe Ràsákì, mo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa, mo tilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe kà á fún yín yìí. Nọ́ọ̀tì òkú. Kútẹ́ẹ̀sì. Bí mo ṣe jókòó tí mo ń gbọ́ ìró. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n bú mi? Ṣé ẹ rò pé Ràsákì gbá mi létí, kí n lè ní ìsinmi? Ràsákì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Ó ń sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ gbà á là, gbogbo ìlú ló rí yín. Ẹ fẹ́ ba orúkọ yín jẹ́ lọ́jọ́ ogbó kí Káfáyà lè padà sílé. Irú ìyá wo lèyí!" Mo ní, "Ràsákì, èmi ni mo ṣe é! Mo fi Ọlọ́run búra!" Ó ní níbo ni nọ́ọ̀tì ọ̀hún wà. Mo ní mo ti jù ú sí ṣáláńgá. Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wo ojú ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mi orí, ó ní, "Ìyàwó wa, àánú ti fẹ́ pa yín. Ẹni tí jàm̀bá ṣe fúnra rẹ̀ ti ní ẹ̀bi òun ni. Ta ni ká wá gbà gbọ́?" Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n fún mi lómi mu. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé kí gbogbo obìnrin ìlú wá kọ́ ìfẹ́ ọmọlọ́mọ lára mi.

Wọ́n ní bí irọ́ bá ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi bá a, wọ́n sì lé e padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó ọmọ nílé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọjọ́ tó bá ju yín lọ, ẹ jẹ́ kó ju yín lọ. Ìtìjú ọjọ́ kan ò pa ènìyàn. Ká ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí yóò gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ọ́. Káfáyà ni, torí ojú rẹ̀ ló fi rí ilà tútù yẹn. Bí òun bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ràsákì, Ràsákì á gbà. Ìyàwó tuntun ò ní wọlé, Àwáwù á rí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń ná Igangan dé lánàá, ó ní Káfáyà kí mi, pé kí n má fi omi tútù wẹ̀ nítorí orúnkún mi, pé òun máa ń sọ fún àwọn ará ilé bàbá òun pé bí gbogbo ilé ọkọ bá ta òun nù, ìyá kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn òun. Ohun tó ń gbé e ró lọ́hùn-ún nìyẹn. Irọ́ sì ni.

Ọkọ̀ Igangan ń lọ lọ́la. Bí mo bá lọ sọ fún un, ilé rẹ̀ lè padà, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé kò sígbà kan tí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn rẹ̀ nínú ilé náà. Bí mo bá jókòó, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kọ́ Àwáwù bí yóò ṣe máa pe ẹlòmíràn ní ìyá. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ má ní kí n gbàdúrà, mo ti gbà á títí ẹnu mi fi bó. Ẹ sọ ohun tí n máa kọ́kọ́ fi sẹ́nu fún mi nígbà tí ọmọ yẹn bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì sáré wá kúnlẹ̀ kí mi.